Ẹ Jẹ́ Kí Ìtọ́jú Ọpọlọ Wá Bá Wa ní Shasha

 Ẹ̀yin ará Shasha ní Èkó, ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn wa tí orí wọn dàrú, ibi tó yẹ kí wọ́n ti gba ìtọ́jú kò sì sí nítòsí. Ó tó àkókò kí á dìde sí i.

Nígbà tí àìsàn ọpọlọ bá wọlé, ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ gba ilé àdúrà tàbí ilé oníṣègùn lọ. Mi ò bá wọn wí. Wọ́n ń gbọ́ èdè wa níbẹ̀, ìyá lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí aláìsàn bá ní àwọn àgbà ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n ní kó gbààwẹ̀, kí wọ́n tún nà án. Ní ti ìtọ́jú òyìnbó, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí gbogbo wa mọ̀ ń bẹ ní Yábàá, láti 1907 tí ìjọba òyìnbó ti dá a sílẹ̀ láti fi há àwọn tí wọ́n pè ní wèrè mọ́. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Shasha dé Òṣòdì rí, kó tó tún wá òmíràn lọ sí Yábàá, mọ bí yóò ti rí láti mú ẹni tí kò sùn láti ìjẹta rin ìrìn yẹn. Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Èébú tó túmọ̀ sí wèrè ni "Yaba Left" lẹ́nu àwọn ọmọ wa, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí aládùúgbò rí òun lẹ́nu géètì yẹn.

Wọ́n ti ṣe èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ wa rí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan bá olúkúlùkù wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Ará abúlé ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aláìsàn á lọ gba oògùn òyìnbó, á sì padà sáàárín àwọn ènìyàn tó ń dáko, tó ń ṣayẹyẹ. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí èpè àti àlá jẹ́ lọ́kàn Yorùbá ju ìwé tí òun kà lókè òkun lọ. Ní 1961, àwọn onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta. Lambo padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Gánà, pẹ̀lú aláìsàn 307. Òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá oníṣègùn àti olórí ìjọ níbi iṣẹ́ wọn. Èsì tó jáde ní 2020 fi hàn pé ara àwọn aláìsàn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí kò rí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláìsàn sì dín kù ní apá méjèèjì. Egbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa ń lò fún wèrè ní reserpine nínú, tí ilé ìwòsàn òyìnbó náà ti lò fún àìsàn yìí rí. Bó bá pọ̀ jù, ó léwu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì mọ ara wọn.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń béèrè ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún àṣà ẹni: ní New Zealand, nọ́ọ̀sì ọmọ Máórì kan, Irihapeti Ramsden, fi lélẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia ń bèèrè ohun kan náà lónìí. Àwa náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò, Ègùn tàbí Haúsá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àṣà gbèjà ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nígbà tí àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch gbé ìròyìn rẹ̀ lórí Nàìjíríà jáde ní 2019, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n dè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nílé kéwú, nílé oníṣègùn, àti nílé ìjọba pàápàá. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọmọ ẹnìkan ni gbogbo wọn.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kó dé ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alimosho. Ẹ jẹ́ kí á kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí gbogbo àdúgbò bu ọwọ́ lù ú, pé kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ máa wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó gbọ́ èdè wa, kó jẹ́ kí ẹbí jókòó ti aláìsàn, kí oògùn sì wà. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ máa gbàdúrà, ẹ máa wo àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ tú wọn sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ọ̀sì láàyè kó wọlé. Ẹ wá sí ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, kí ẹ bu ọwọ́ lu ìwé náà.