Kí Orúkọ Pańla Má Bá Páálí Lọ

Ẹ ka lẹbẹ ẹ̀yìn pańla kí ẹ tó sanwó. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò wa ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀ níbí, bí a bá pàdé nídìí igbá ẹlẹ́ja. Bí lẹbẹ náà bá jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n jìnnà síra wọn, Micromesistius poutassou ni, ẹbí ẹja kọ́ọ̀dù, láti apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Bó bá jẹ́ méjì, tí ti iwájú kúrú, tí ti ẹ̀yìn gùn gbọọrọ dé ìtòsí ìrù, ìdílé Merlucciidae lẹ rí yẹn. Pańla ni ọjà ń pe àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdílé wọn yàtọ̀, ìjẹ wọn náà ò sì dọ́gba. Edé wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ti àkọ́kọ́. Ọdẹ paraku ni ìkejì.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdẹ yìí ló sì máa ń wù mí í wò jù. Ẹ wá èyí tí wọn ò tíì gé lórí, kí ẹ la ẹnu rẹ̀. Dúdú ni inú ẹnu náà. Eyín rẹ̀ tò ní ìlà méjì, ó mú ṣóńṣó, àwọn ti inú sì máa ń tẹ̀ sẹ́yìn: ohun tó bá wọlé á kọjá, kò ní lè padà, bíi ti ìgèrè tí àwọn apẹja wa ń dẹ sódò. Ojú rẹ̀ tóbi nítorí inú òkùnkùn ló ń gbé, níbi tí òkun ti jìn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Lọ́sàn-án, á wà nítòsí ilẹ̀ òkun. Bílẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá dọdẹ. Àwọn àgbà inú wọn a tiẹ̀ máa jẹ ọmọ ara wọn.

Ó pẹ́ kí ìmọ̀ tó ya ọdẹ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́ọ̀dù. Lọ́dún 1758, Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, kó ti ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ kọ́ọ̀dù. Rafinesque, onímọ̀ ẹ̀dá mìíràn, ló fún wọn ní orúkọ tiwọn, Merluccius, lọ́dún 1810.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí ni gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ka pańla omi South Africa àti Namibia sí irú kan ṣoṣo, Merluccius capensis, tí onímọ̀ ẹ̀dá Castelnau sọ lórúkọ lọ́dún 1861. Àfi ìgbà tó di 1960 tí onímọ̀ ẹja Franca fi irú mìíràn hàn láàrin wọn, Merluccius paradoxus. Ibi tó jìn ju ti èkejì lọ ni èyí ń gbé, àwọn capensis ńlá sì ń pa paradoxus kékeré jẹ. Ẹni tó bá kà wọ́n pọ̀ kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ara rẹ̀ ni ẹja ń jẹ tàbí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá sì ń tán lọ nígbà tí èkejì ń pọ̀ sí i, àpapọ̀ iye tó wà nínú ìwé á ṣì máa dára lójú.

Wàhálà kan náà wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1950 ni Cadenat, onímọ̀ ẹja ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà, sọ irú méjì lórúkọ: Merluccius senegalensis àti Merluccius polli. Polli yìí wà láti Mauritania títí dé Namibia. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ ìpẹja ilẹ̀ Sípéènì fi kó méjèèjì ní omi Mauritania àti Sẹ̀nẹ̀gà. Orúkọ kan ni wọ́n fi ń tà wọ́n, àpapọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń kà wọ́n. Èyí ń bí mi nínú. Ẹja ilẹ̀ Áfíríkà tó ti lórúkọ láti 1950, kí ló dé tí a ò lè pè é bẹ́ẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta ẹja lápá Òkè-Afa sọ fún mi pé ata kì í béèrè orúkọ ẹja. Mo gbà pé ọbẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n owó wa ló ń rán ọkọ̀ lọ sójú òkun, ó sì yẹ ká mọ ohun tí a rán an. Orúkọ Látìn sábà máa ń wà lára páálí; bí ẹja bá ti tán nínú rẹ̀, wọ́n á fi páálí jókòó tàbí kí wọ́n jù ú nù. Kí ẹlẹ́ja fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ tí orúkọ wà, kó gbé e ti igbá. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé kíkó ẹja wọlé má ṣe gba páálí tí wọ́n kàn kọ “hake”, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ìdílé Merlucciidae, sí, láìsọ irú èyí tó jẹ́ àti omi tí wọ́n ti pa á. Kí àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì náà ra pańla kan tó ní orí, kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ya ẹnu rẹ̀ sínú ìwé wọn. Tìlápíà ni ìwé wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹja, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí tìlápíà tó lè fi eyín ọdẹ inú òkùnkùn han ọmọ.