Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Dá Wọkọ̀
Ẹ̀yin ojúgbà mi, mo ti rí àlejò púpọ̀ ní Bonabéri tí ẹ̀rù ń bà láti dá wọkọ̀ kọjá odò Wouri lọ sí àárín ìlú Douala. Láti 1955 ni afárá ti wà níbẹ̀. Odò kọ́ ni ìdènà, àìmọ̀ ni. Létí títì ni èrò ti í ké sí onítakisí, a dárúkọ ibi tí ó ń lọ àti iye tí yóò san. Bí awakọ̀ bá fọn fèrè, ó gbà nìyẹn. Bí ó bá kọjá lọ, kì í ṣe àbùkù. Òmíràn ń bọ̀. Lójú tèmi, kí á kọ́ àlejò ní èyí, kí á má sìn ín títí ayé. Ẹni tí a ń sìn lójoojúmọ́ kì í mọ̀nà.