AJÁ Á JẸ Ẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń sanwó fún àwọn kan láti máa tú ìfun òkú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó òkú ẹran náà jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, èyí tí ọdẹ yìnbọn pa àti èyí tí mọ́tò tẹ̀ pa sójú títì. Kí ẹnikẹ́ni tó la ikùn rẹ̀, inú ẹ̀rọ kan tó tutù rékọjá fíríìsà ẹlẹ́ja ni wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí fún ọjọ́ mélòó kan. Fíríìsà lásán kì í pa ẹyin ohun tí wọ́n ń wá.

Aràn ni wọ́n ń wá. Aràn pẹlẹbẹ ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó gùn bíi téèpù télọ̀. Èyí kò gùn tó wóró ìrẹsì kan. Inú ìfun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń gbé, kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde sórí koríko, eku á jẹ ẹ́, aràn á ta àpò sí ẹ̀dọ̀ eku, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á tún pa eku jẹ. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn ṣe é nìyẹn. Ọmọ ènìyàn tó bá ṣèèṣì gbé ẹyin náà mì ló wọ gàù. Á wọ inú ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún, á máa tàn kálẹ̀ níbẹ̀ bíi jẹjẹrẹ, ọdún 5 sí 15 sì lè kọjá kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ilẹ̀ Sweden rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bá a nínú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí òyìnbó Britain sùn.

Ó dáa, kí ló wá kan ará Ìperindó? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa òyìnbó kò sí nínú igbó Ìjẹ̀ṣà. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà, apá Òkè Ọya lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń di aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá wà n'Ìperindó. Ajá ọdẹ wà, ajá olóko kòkó wà, ajá tí kò lólówó náà ń jẹ̀ kiri ìgboro. Aràn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí sì ní ọmọ ìyá kan, inú ajá gan-an ni ilé tiẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Àwọn tó ṣèwádìí ní Kánò kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1980. Ara ràkúnmí ni wọ́n ti ń rí i jù, ó sì ń ṣe àgùntàn àti ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ẹran tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, ṣebí ọjà wa náà ló ń dé?

Lára ẹran, àpò omi ló máa ń jẹ́, nínú ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù. Ó funfun, ó le tantan, omi tó mọ́ kedere ló wà nínú rẹ̀. Wòlé-wòlé tó bá mọṣẹ́, tó bá rí i, á ní kí wọ́n gé e dànù. Ibi "gé e dànù" yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

"Ìyá ẹlẹ́ran, ẹ̀dọ̀ tí ẹ jù sílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó lómi nínú, ọmọ mi. Ẹ fi sílẹ̀, ajá á jẹ ẹ́."

Ohun tí aràn ń retí kó tó di aràn nìyẹn. Kò ní ju bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ tí ajá náà á máa fi ẹyin rẹ̀ yàgbẹ́ sẹ́yìnkùlé, sẹ́bàá odò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́. Ẹyin á lẹ̀ mọ́ irun ajá. Ọmọdé á bá ajá ṣeré, á sì tibẹ̀ ki ọwọ́ bọ abọ́ ẹ̀bà. Ẹni tó jẹ ẹ̀dọ̀ náà ní sísè kò lè tibẹ̀ kó o. Ọ̀dọ̀ ajá ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Wóró funfun bí ẹ̀gúsí tí ẹ máa ń rí nídìí ajá kì í ṣe òun o. Aràn mìíràn nìyẹn, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fò lára ajá ló ń gbé e kiri, oògùn sì tètè ń ká a. Èyí tó burú, ojú lásán kì í rí ẹyin rẹ̀.

Tó bá wọ ara ènìyàn tán, Òṣómààló ni. Á lóṣòó sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, kò ní kánjú, á máa wú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ títí táá fi gba gbèsè rẹ̀. Wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ onítọ̀hún wò títí, wọn kò ní rí nǹkan kan, torí aràn kò sí nínú ìfun rẹ̀. Oògùn aràn ẹyọ kan tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì kò tó o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún ló ń fi àpò náà hàn, ọsibítù ńlá bíi Wesley Guild n'Ílẹ́ṣà ni kí ẹni tí ikùn rẹ̀ ń wú lápá ọ̀tún gba lọ. Kó má ṣe lọ jókòó níwájú ẹni tó máa fi abẹ gún un! Tí àpò náà bá bẹ́ sínú ara, ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ará Iceland ti jìyà àrùn yìí gan-an rí. Ará Denmark kan tó ń jẹ́ Harald Krabbe lọ síbẹ̀ lọ́dún 1863 láti wádìí rẹ̀. Lọ́dún 1864, wọ́n pín ìwé pélébé tó kọ fáwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́: kí wọ́n má fi ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tó lápò omi fún ajá mọ́, kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Òfin nípa ajá tẹ̀lé e lọ́dún 1869. Ìwé kíkà, iná àti ṣọ́bìrì ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún 20, àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè ní kí ọdẹ Ìperindó má fún ajá rẹ̀ ní ìpín. Ajá tó lé ọ̀yà títí dé ihò, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí wọ́n sáà sè é fún un. Ẹ̀dọ̀ tó bá hó lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí aràn tó máa yè níbẹ̀. Ọdẹ tó ń tú ikùn ẹran lójoojúmọ́ mọ àpò omi yàtọ̀ sí òróòro, kò nílò kí òyìnbó wá fi hàn án.

Oògùn ajá náà sì wà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ mú ajá rẹ̀ láti Nàìjíríà lọ sí London, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún ajá náà ní oògùn aràn nígbà tó bá ku wákàtí 24 sí 120 kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì kọ aago tó fún un sínú ìwé. Praziquantel ni oògùn ọ̀hún. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ajá tó wà níbi tí aràn yìí pọ̀ sí máa lò ó, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Bí ajá bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n máa fún un, nítorí náà kí ọdẹ mú ajá dání lọ bá dókítà ẹran, kó má kàn lọ ra oògùn.