Èsì Ẹnu Ilé Ọmọ Kò Lè Ṣe Ẹlẹ́rìí fún Ilé Ẹyin

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà pé bí èsì àyẹ̀wò Pap bá ti dára, gbogbo abẹ́ ikùn àwọn ló dára. Èrò yìí ń bà mí lẹ́rù. Àyẹ̀wò tí George Papanicolaou àti Herbert Traut kọ ìwé lé lórí lọ́dún 1943, ẹnu ilé ọmọ ló ń ṣọ́. Ilé ẹyin wà lókè lọ́hùn-ún.

Lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń já bọ́ láti ilé ẹyin, á gba ọ̀nà tóóró wọ ilé ọmọ, á sì bá búrọ́ọ̀ṣì nọ́ọ̀sì jáde. Bí èsì bá ní irú sẹ́ẹ̀lì àjèjì bẹ́ẹ̀, tí ẹnu ilé ọmọ kò sì ní àlébù, kí dókítà má pa fáìlì dé. Kí ó yẹ inú ilé ọmọ wò, kí ó fi síkáànì wo ilé ẹyin, àgàgà fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbára lé kòńgẹ́ yẹn. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wá àmì DNA jẹjẹrẹ nínú Pap obìnrin 245 tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló hàn. Àwọn yòókù ńkọ́? Àlàáfíà ni èsì ìbá pè é fún wọn, jẹjẹrẹ sì wà nínú wọn!

Àyẹ̀wò HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ti ń gba ipò Pap báyìí, inú mi sì dùn sí i, torí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n HPV kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ ilé ẹyin, nítorí náà kò tilẹ̀ lè ṣèèṣì rí i.

Ikùn fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa gbọ́. Àwọn ìyá wa ń fi àmì àìsàn yìí pe jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ń mu àgbo lé e títí tí yóò fi tàn kálẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, nígbà tí ẹ bá ń fún wọn ní èsì, ẹ fi kún un: “Mà, ẹnu ilé ọmọ yín nìkan la yẹ̀ wò o. Bí ikùn yín bá ń wú, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó yín, tí abẹ́ ikùn ń dùn yín tàbí tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín lemọ́lemọ́, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ padà wá, ẹ ní kí wọ́n ṣe síkáànì ilé ẹyin fún yín.”