Ọwọ́ Àwọn Kékeré Wà Nínú Títóbi Milky Way

Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Eggen, Lynden-Bell àti Sandage sọ pé ìkùukùu gáàsì ńlá kan ṣoṣo ló wó jọ sínú ara rẹ̀ tó di Milky Way, agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà. Àlàyé náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí irin inú àwọn ìràwọ̀ àtijọ́ máa dín kù bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí àárín. Nígbà tó di 1978, Searle àti Zinn yẹ àwọn òṣùṣù ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn odi, ìyẹn ní agbègbè ìta Milky Way, wò, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé ṣe ni àwọn nǹkan kéékèèké ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dara pọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rí tó ti jáde láti ìgbà náà ti gbè wọ́n.

Ọ̀kan nínú ẹ̀rí náà ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1994, Ibata, Gilmore àti Irwin rí agbo kékeré kan ní ìhà Sagittarius. Òòfà Milky Way ń fà á ya, àwọn ìràwọ̀ tó já lára rẹ̀ sì ti tò yí ojú ọ̀run ká. Òmíràn ti parí tipẹ́, òun ló sì lágbára jù. Gaia, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù tó gbéra ní 2013, wọn ipò ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù kan lọ. Ní 2018, Amina Helmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ikọ̀ Vasily Belokurov, rí i pé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ẹ̀yìn odi kì í bá oòrùn yípo. Ṣe ni wọ́n ń já wọlé gbọọrọ, tí wọ́n tún ń já jáde. Màgnẹ́síọ̀mù inú wọn pẹ̀lú kéré, bí a bá fi wé irin inú wọn. Ohun méjèèjì yìí fi hàn pé àlejò ni wọ́n, ìyókù agbo kan, Gaia-Enceladus, tí Milky Way gbé mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn.

Àwọn kan ń jiyàn pé èròjà inú àwọn agbo kékeré tó ṣẹ́kù lónìí kò bá ti ẹ̀yìn odi mu. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù kọ́ ni a gbé mì. Àwọn tí a tètè gbé mì kò ráyè bí ìràwọ̀ tuntun mọ́, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tó yè ṣì bí i lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà; ìyẹn ló mú kí èròjà wọn yàtọ̀. Àtakò tó ta mí jù ni pé ìràwọ̀ ẹ̀yìn odi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìràwọ̀ Milky Way lọ. Ilé níbí ni a bí ìyókù, títí kan oòrùn. Mo gbà. Síbẹ̀, ìkọlù Gaia-Enceladus da àwọn ìràwọ̀ tó ti wà nílẹ̀ rú, ó sì mú kí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sí nípọn. Ẹni tó bá ní àwọn kékeré ló kọ́ gbogbo rẹ̀ ti àṣejù bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní wọn kò lọ́wọ́ sí i kò ka ẹ̀rí. Iṣẹ́ náà kò sì tíì tán: Large Magellanic Cloud, agbo kékeré míràn tó tóbi ju ti Sagittarius lọ dáadáa, ṣì wà níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń fi nǹkan bí 160,000 ọdún rìn dé ọ̀dọ̀ wa.