Kí Ni Ẹ Rí Nílùú Òyìnbó?

Òwe kan wà ní èdè Yorùbá tí ó sọ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ń wí pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Àwọn baba wa fi òwe yìí bá agbéraga tí kò rìn jìnnà wí. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa yìí, irú ọmọ mìíràn ti dé tí òwe náà kò mẹ́nu bà: ọmọ tí ó dé oko ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀, tí ó sì padà wá sọ fún gbogbo ilé pé baba òun kò ní oko rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ó pọ̀ láàrin wa, àti nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò di olùkọ́. Ohun tí olùkọ́ bá sì sọ nípa ayé ni ọmọdé ń gbà gbọ́, ìbáà jẹ́ òtítọ́, ìbáà jẹ́ àsọdùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn arìnrìnàjò wa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀ Yúróòpù dé. Wọ́n ní àwọn gun ilé-ìṣọ́ Eiffel ní Párísì, pé gíga rẹ̀ tó 330 mítà, àti pé bí ènìyàn bá wà lókè, àwọn tí ó wà nílẹ̀ dà bí èèrà. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ń sáré lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n rí ààfin ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Wọn a fi àwòrán inú fóònù wọn hàn wá, nínú gbogbo àwòrán náà àwọn fúnra wọn ni ó dúró níwájú, ohun tí wọ́n lọ wò a sì wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn èyí, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní, "Àwa ènìyàn dúdú ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe," ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ọmọdé tí ó jókòó tì wọ́n ti gbọ́ ohun tí ó tó o: pé ibì kan wà láyé tí ohun gbogbo ti dára láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti pé ibẹ̀ kọ́ ni a bí òun sí.

Èmi kò dá àwọn arìnrìnàjò náà lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí ó ti fi oṣù mélòó kan jà fún físà, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dá owó fún, kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Abidjan tàbí ní Cotonou tàbí ní Èkó, ojú a máa tì í láti padà wá sọ pé òun rí ọkùnrin kan tí ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà nínú òtútù. Àwọn tí ó dá owó fún un kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ìyanu ni wọ́n sanwó fún, ìyanu náà ni ó sì gbọdọ̀ gbé wálé fún wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe oníṣòwò ìyanu.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé a kò ní àpẹẹrẹ rere. Ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire yìí gan-an ni a bí Bernard Dadié, ní Assinie, ní ọdún 1916. Ó sì kú ní ọdún 2019, ní ẹni ọdún 103. Ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni ó lọ, níbi tí ìjọba Faransé ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ púpọ̀ sì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti jókòó. Ní ọdún 1959 ni ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Un Nègre à Paris jáde, èyí tí a lè túmọ̀ sí "Ènìyàn Dúdú Kan ní Párísì". Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, Tanhoé Bertin, rí ìwé ọkọ̀ gbà láti lọ sí Párísì, ó sì kọ ohun tí ó rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà gígùn sí ẹni tí ó wà nílé.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó mú ìwé yìí yàtọ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn òyìnbó ti ń wá sáàrin wa pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, tí wọ́n ń kọ bí a ti ń kí ara wa, bí a ti ń gbéyàwó, àti bí a ti ń sìnkú, bí ẹni ń kọ nípa ẹyẹ inú igbó. Dadié gba kálàmù náà, ó sì yí i padà sí wọn. Ó wo àwọn ará Párísì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan láàrin àwọn ẹ̀yà ayé, tí ó ní àṣà, ìtàn àti èèwọ̀ tirẹ̀. Kò bú wọn, kò sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ọ̀rọ̀ pa á lẹ́rìn-ín, ó sì yìn wọ́n níbi tí ìyìn yẹ. Lẹ́yìn èyí ó kọ ìwé kan nípa New York, ó sì kọ òmíràn nípa Róòmù, tí ó jáde ní ọdún 1968. Ìwé méjèèjì ni ó gba ẹ̀bùn ńlá tí a ń fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tí ń kọ ní èdè Faransé.

Láàrin àwa Yorùbá pẹ̀lú, D. O. Fágúnwà, tí í ṣe olùkọ́, lọ sí Ìlú Ọba ní kété lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò nípa rẹ̀, èyí tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1949. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí ìwé Ògbójú Ọdẹ, àwọn tí ó rántí Ìrìnàjò kò pọ̀, èyí kò sì dùn mọ́ mi. Ní èdè Yorùbá ni ó kọ ọ́, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè bá a rìn ìrìn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí ni ó ń ti Párísì padà tí kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tí ó rí ju "ó dára púpọ̀" lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé, kí ni ó yẹ kí arìnrìnàjò wò, èmi yóò dá a lóhùn pé kí ó wo ohun tí ó wà lábẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé. Gbogbo ẹni tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù ni yóò lọ sí Westminster láti wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti aago ńlá, yóò sì rìn létí odò Thames lórí ọ̀nà gbígbòòrò tí wọ́n ń pè ní Victoria Embankment. Ó wọ́pọ̀ kí ó ya àwòrán níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀nà omi ẹ̀gbin ńlá kan ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ òun kọjá, àti pé nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ̀nà náà.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, odò Thames ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin kò fi lè jókòó nínú ilé wọn ní ìrọ̀rùn. Wọ́n rẹ aṣọ ojú fèrèsé sínú omi oògùn kí òórùn náà má bàa wọlé. Ẹ̀gbin gbogbo ìlú ni ó ń ṣàn sínú odò, inú odò kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń rí omi mu. Àrùn onígbáméjì ti pa ohun tí ó lé ní 10,000 ènìyàn nínú ìlú yìí ní ọdún 1853 àti 1854. Ní ọdún 1854 yìí ni dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow fi hàn pé ẹ̀rọ omi kan ní àdúgbò Soho ni ó ń pín ikú fún àwọn ará àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Afẹ́fẹ́ búburú ni wọ́n ní ó ń fa àrùn. Òórùn tí ó wọ ilé àwọn aṣòfin ni ó mú kí owó jáde kíákíá. (Èyí kò ṣe àjèjì sí wa: ìyà tí ó jẹ mẹ̀kúnnù fún ogún ọdún, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ọlọ́lá fún oṣù kan.) Ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Joseph Bazalgette ni ó fi bíríkì kọ́ ọ̀nà omi ẹ̀gbin sí abẹ́ gbogbo ìlú, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí onígbáméjì tún dé ní ọdún 1866, apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iṣẹ́ náà kò tí ì parí, ni ó ti ṣọṣẹ́ jù.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa. A ń sọ fún wọn pé ìlú òyìnbó mọ́. A kò sọ fún wọn pé ó dọ̀tí rí, pé ó rùn, pé ó pa ènìyàn, pé àwọn ènìyàn bíi tiwa ni ó jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n ṣe àṣìṣe, tí wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan yóò máa wá físà. Ọmọ tí ó gbọ́ èkejì lè béèrè pé, "Olùkọ́, níbo ni omi tiwa ń ṣàn lọ?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ní Bouaké. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín ní ọdún 2018 rántí bí ìdídò Loka ti gbẹ, ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi ìlú yìí sì ti ń wá. Ọkọ̀ ni ó ń gbé omi káàkiri àdúgbò. Ike àti garawa tò lọ lẹ́bàá títì, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà nílé-ìwé sì wà lórí ìlà omi. Ará Bouaké tí ó bá rí ọdún yìí, tí ó wá dé Párísì, tí kò béèrè ibi tí omi Párísì ti ń wá, ó ti sọ owó ọkọ̀ rẹ̀ nù. Àwọn ará Párísì tilẹ̀ ní ilé kan lábẹ́ ilẹ̀ tí àlejò lè wọ̀ láti wo ọ̀nà omi ẹ̀gbin wọn, tí ẹnjiníà Belgrand kọ́ ní ìgbà ọba Napoléon Kẹta. Ó ń rùn díẹ̀, kò sì ṣe é yàwòrán sí dáadáa. Bóyá ìdí nìyí tí n kò fi tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn arìnrìnàjò wa dárúkọ rẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Olùkọ́, fàájì ni mo bá lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ tó nílé, ẹ jẹ́ kí n sinmi." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Kí ó gun ilé-ìṣọ́, kí ó jẹ búrẹ́dì wọn, kí ó jókòó lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ fún fàájì, kí ó sọ fún wa pé fàájì ni òun lọ ṣe, kí ó má sì padà wá di adájọ́ lórí gbogbo ìran ènìyàn dúdú.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tún jẹ́ ibi tí ojú wa máa ń fọ́ sí. Ọmọ Yorùbá yóò wọ ilé ńlá British Museum, yóò dúró níwájú orí idẹ tí a hú ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938, ẹnu yóò sì yà á pé òyìnbó mọ nǹkan tọ́jú. Kí ó ka ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó wo ọdún tí ó kúrò nílé, kí ó sì béèrè ẹni tí ó gbé e lọ. Ìlù ńlá àwọn Ébrié, Djidji Ayôkwé, tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 3, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílò 430, ni ìjọba amúnisìn gbà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1916 nítorí pé ó ń kìlọ̀ fún àwọn ará abúlé. Párísì ni ó sì dé. Ní ọdún 2025 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé ṣe òfin pé kí a dá a padà. Ẹ̀yin ọmọ orílẹ̀-èdè Benin mọ̀ pé ohun 26 láti ààfin Abomey ti padà sílé ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé ti kó wọn ní ọdún 1892. Ìbéèrè ni ó dá wọn padà. Àwọn tí ó kàn ya àwòrán pẹ̀lú wọn kò dá nǹkan kan padà.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn kò fi ìlú wa ṣe ìran wíwò lásán. Ní ọdún 1888, Louis-Gustave Binger wọ ìlú Kong, ní àríwá ibi tí a wà yìí. Ó kọ nípa ọjà wọn, nípa aṣọ tí wọ́n ń hun, nípa mọ́sálásí wọn, àti nípa ọ̀nà tí ó ti ìlú kan dé èkejì. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1892. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1893, ó ti di gómìnà àkọ́kọ́ fún Côte d'Ivoire, a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Bingerville. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ jẹ gómìnà Párísì. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó béèrè iye tí a ń ta aṣọ lọ́jà mọ ìlú ju ẹni tí ó ya àwòrán ẹnu bodè lọ.

Nítorí náà mo ń rọ àwọn olóòtú ìwé yìí pé, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìròyìn ìrìnàjò wá lẹ́yìn ìsinmi, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́: ta ni ń gbá títì ìlú náà ní ìdájí, orílẹ̀-èdè wo ni ó ti wá, búrẹ́dì mélòó ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan rẹ̀ lè rà, níbo sì ni omi ìdọ̀tí ń lọ? Bí kò bá mọ ọ̀kankan, kí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní owó ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti Tógò, Benin, Bùrkínà Fasò tàbí Nàìjíríà wá síhìn-ín, àjèjì ni ẹ jẹ́ ní Bouaké gẹ́gẹ́ bí Dadié ti jẹ́ àjèjì ní Párísì. Ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú yìí láti ọdún 1912, ilé-iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sì ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó dáyé. Ta ni nínú yín tí ó ti kọ ojú ìwé kan ṣoṣo nípa wọn? Ibi tí a ti ń ta iṣu ní ọ̀pọ̀ ni èmi ìbá ti bẹ̀rẹ̀, ní ìdájí, kí wọ́n tó já ẹrù tán.