Ẹ Bá Wọn Wo Ibi tí Ojú Wọn Ò Tó

Ẹ̀yin ará àdúgbò, kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ àfín kan. Ọmọ iléèwé tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láràárọ̀ ńkọ́? Ìyá tó ń ta ata nínú oòrùn lọ́jà ńkọ́? Nítorí wọn ni mo ṣe ń pè yín. Lónìí ni o, kì í ṣe lọ́la.

Ohun tó mú awọ ara tiwa dúdú ló ń bá wa gba oòrùn dúró. Àwọn àfín ò ní in tó. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ ara fi ń tètè bá wọn jà, nígbà tí àwọn mìíràn ò tíì pé ọmọ 30 ọdún. Ibi tí oòrùn ń pa jù lára ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ojú, ètè, etí, ọrùn, apá.

Àwọn kan nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti gé jẹjẹrẹ náà kúrò, egbò ti jiná. A dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹni tó ti ní in rí, òmíràn lè yọ níbòmíì lára rẹ̀. Bí a bá tètè rí i, gígé kékeré ló máa fẹ́. Bó bá pẹ́, ó di wàhálà ńlá. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ gbogbo ara wọn wò lóṣooṣù.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá a ṣe? Ojú àfín kì í sábà ríran dáadáa. Ẹ̀yìn etí ńkọ́? Àárín ẹ̀yìn ńkọ́? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ibi tí ẹ̀yin ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ojú yín àti fóònù yín la fẹ́ yá.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín wo ẹ̀yìn ọrùn yín.” Kí obìnrin bá obìnrin ṣe é, kí ọkùnrin bá ọkùnrin. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kì í ṣe inú oòrùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín irun orí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má kánjú.

Kí lẹ ń wá? Egbò tí kò jiná lẹ́yìn oṣù kan. Ojú awọ tó le gbagidi, tó ń ṣí kúrò, tó sì ń padà wá. Kókó tó ń tóbi sí i. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí táwẹ́ẹ̀lì bá ṣèèṣì kàn án. Ẹ wo ojú àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ náà, kí ẹ fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ yíká.

Èyí tí ọkàn yín ò bá balẹ̀ sí, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹ gbé rúlà ọmọ iléèwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ọ̀kan láti òkèèrè, ká lè mọ ibi tó wà lára. Ẹ ya ìkejì nítòsí, kó hàn kedere. Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jókòó síbi kan náà, ẹ tún un yà. Ẹ wá fi àwòrán méjèèjì wéra. Bó bá ti fẹ̀ sí i, rúlà á sọ. Ojú nìkan lè tan èèyàn.

Inú fóònù ẹni tó ni ara ni kí àwòrán náà wà. Ẹ má gbé e sí status. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí. Ẹ bá a fi aago fóònù sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kó máa dún. Ẹ fi tiyín náà sí i.

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, yunifásítì ibẹ̀ ṣe ètò kan tó ń jẹ́ ASICA fún àwọn tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ awọ ara. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń rán wọn létí lóṣooṣù pé kí wọ́n yẹ ara wọn wò. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa awọ ara. Àwa ní fóònù, a ní WhatsApp. Ẹ bá àfín náà béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó lè gba àwòrán lórí WhatsApp.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún áápù tó ní òun á sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Àwòrán awọ òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí nǹkan bá ti ń yí padà, ọsibítù ló kàn. UCH n’Ìbàdàn, LUTH l’Ékòó, OAUTHC n’Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní dókítà awọ ara. Ẹ sin àfín náà lọ. Ẹ bá a ka àkọlé ara ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, bí àfín bá tún padà wá ra oògùn fún egbò kan náà, ẹ má tà á mọ́. Ẹ má sọ pé kó tú kápúsù dà sójú rẹ̀. Ẹ ní kó lọ rí dókítà. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ rán apá gígùn fún un. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ wá ìsọ̀ tó ní ìbòòji fún un. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má jẹ́ kó dúró nínú oòrùn lásìkò àsẹ́ńbìlì.

Àwa tí a dúdú náà ò bọ́. Abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ara ti bẹ̀rẹ̀ lára olórin nì, Bob Marley. Wọ́n rí i lọ́dún 1977. Ó kú lọ́dún 1981, ẹni ọdún 36. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò, ẹ yẹ àtẹ́lẹwọ́ wò, ẹ wo ìlà dúdú tó bá ń fẹ̀ lábẹ́ èékánná. Ẹni tí ẹ bá wo ara rẹ̀, kó bá yín wo tiyín náà.

Láti 2015, ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àfín. Ó dára. Àmọ́ egbò kì í dúró de àyájọ́. Ẹ lọ lónìí, kí ẹ sì tún lọ lóṣù tó ń bọ̀.